Wáìnì Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó ní Sùúrùlérè: Kẹ́ẹ̀gì Kejì, àti Ooru Tó Ba Tàkọ́kọ́ Jẹ́

Ibi tí iṣẹ́ dé

A ti fa kẹ́ẹ̀gì kejì kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Lítà 17 ni, ìwọ̀n rẹ̀ lórí haidirómítà, ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú oje hàn (1.000 ni ti omi lásán), jẹ́ 0.996, kò ku ṣúgà kan tí ahọ́n lè mọ̀, kò sì rùn. Ti àkọ́kọ́ kò dé ibí rárá. Irú èso kan náà la fi ṣe é, ìwúkàrà kan náà, yàrá kan náà. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: a kò mú kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ tutù. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ooru ló máa gba àyè jù nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ pọn wáìnì l'Ékòó láì kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ooru, ọtí kíkan ni kó múra sílẹ̀ fún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́: èso, oje, ìwọ̀n

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó 24 láti Máìlì 12, kílò 43 lápapọ̀. Àwọ̀ èèpo kì í ṣe ẹ̀rí pé ó pọ́n. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní ṣúgà lóòfù, tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Allada ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń pọ́n tán tí èèpo rẹ̀ á ṣì rí bí ewé. Ìdí èso ni kí ẹ gbé sí imú. Tó bá ń ta sánsán, ó ti tó. Tó bá ti ń rùn bí emu àná, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Gbogbo ibi tó bá rà lára rẹ̀ la gé dànù, kódà kó má ju ìka kan lọ, torí ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọtí di kíkan máa ń wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èròjà kan wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bromelain, tó ń jẹ ẹran ara, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ lásán bó 24 yóò mọ̀ ọ́n lálẹ́.

Lẹ́yìn bíbó, kílò 25 ẹran èso ló kù. A lọ̀ ọ́, a sì fún un nínú aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, lítà 18 oje ló jáde.

Haidirómítà ka 1.051, ṣùgbọ́n oje wà ní 29 dígírì, 20 ni wọ́n sì ṣe haidirómítà fún. Ní 29, ẹ fi 0.002 kún ohun tí ẹ bá rí. 1.053 ni òótọ́ rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi gírámù 137 ṣúgà nínú lítà kan. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ pẹ̀lú èyí nìkan yóò rí agbára ọtí bíi 7%, èyí kò sì tó láti dáàbò bo wáìnì fún oṣù mélòó kan nínú yàrá Èkó. Ibi tí a ń lọ ni 1.088. Ṣúgà kílò 1.95 ló gbé e débẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di lítà 19 ó lé díẹ̀, torí ṣúgà náà ń gba àyè. Inú lítà 2 oje fúnra rẹ̀ la ti yọ́ ṣúgà náà. Omi lásán máa ń la adùn àti kíkan rẹ̀ dànù.

Ẹ̀rọ pH, tó ń wọn bí oje ṣe kan tó (bí òǹkà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni oje ṣe kan tó), ka 3.6. Ó ga díẹ̀. Gírámù 36 tartaric acid, èròjà kíkan inú àjàrà, ìyẹn nǹkan bíi gírámù 2 fún lítà kan, gbé e wá sí 3.4. Ìdí rẹ̀ ni pé pòtásíọ̀mù mẹtabísọ́fáìtì, ìyẹ̀fun funfun tó ń tú èéfín imí ọjọ́ sílẹ̀ nínú oje, ń gbára lé pH. Ní 3.6, nǹkan bíi mílígírámù 50 èéfín náà nínú lítà kan ló gbọ́dọ̀ wà lómìnira, láì so mọ́ nǹkan mìíràn, kó tó ṣọ́ wáìnì dáadáa, ní 3.4, 32 ti tó. Tí kíkan bá tó, ẹ ò ní nílò oògùn púpọ̀. Gírámù 1.6 la dà sí oje náà, a fi aṣọ bò ó, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ìwúkàrà tó wọlé. Òṣùwọ̀n ìdáná kò lè wọn 1.6. Irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gírámù, ni kí ẹ rà.

Òjòtá la ti ra àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ olùtajà létí pé ti oúnjẹ lẹ ń fẹ́. DAP (diammonium phosphate), tí a ń fi bọ́ ìwúkàrà, wà tí wọ́n ń ta fún àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ìdọ̀tí irin olóró lè wà nínú rẹ̀. Wọn á tún sọ fún yín pé yúríà lè rọ́pò DAP. Kò lè rọ́pò rẹ̀. Yúríà àti ọtí máa ń para pọ̀ di ethyl carbamate, èyí tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ọjọ́ kejì: ìwúkàrà

Lalvin EC-1118, àpò gírámù 5 kan. Ó ń fara da agbára ọtí dé 18%, ó sì ń ṣiṣẹ́ láàárín 10 sí 30 dígírì, èyí ló jẹ́ kí a yàn án. Ìwúkàrà búrẹ́dì yóò hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í rọ̀ sílẹ̀ dáadáa. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ máa ń ru sókè gbàrà tí rọ́bà bá kàn án.

Mìlílítà 50 omi gbígbóná ní 38 dígírì, ẹ wọ́n ìwúkàrà sójú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ rò ó. Lẹ́yìn náà ẹ máa bu oje díẹ̀díẹ̀ sí i títí ìgbóná àwọn méjèèjì yóò fi súnmọ́ ara wọn tó 10 dígírì. Bí a bá ti inú 38 jù ú sínú oje tó tutù lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan nínú rẹ̀ á kú lójú ẹsẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 la lò, kí àyè lè wà fún ìhó. Ẹ má dé ọmọrí rẹ̀ pa. Gáàsì tó lé ní lítà 1,000 ni oje yìí yóò tú jáde kó tó parí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ọmọrí kọjá, orí rẹ̀ kejì rì sínú ìgò omi, gáàsì ń jáde, afẹ́fẹ́ kò lè wọlé. Fèrèsé yàrá wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru; gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, kò sì yẹ kí ọmọdé sùn sí yàrá náà.

Ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà: ìjà pẹ̀lú ooru

Ìwúkàrà tó ń jẹ ṣúgà ń tú ooru sílẹ̀. Nínú kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, yàrá wà ní 30, ṣùgbọ́n tẹmómítà tí a rì sáàárín oje ka 34 lọ́jọ́ kẹta. Ìwọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀ láti 1.088 sí 1.020 láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìyára tó lè dùn mọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ní 1.018 ló dúró, kò sì lọ mọ́. Agbára ọtí inú rẹ̀ ti tó 9% nígbà yẹn. Ìwúkàrà lè fara da 34 dígírì fúngbà díẹ̀, ó sì lè fara da 9%. Méjèèjì pa pọ̀ ló ń dá awọ ara rẹ̀ lu, tí nǹkan inú rẹ̀ fi ń jò síta. Yàtọ̀ sí pé ó dúró, òórùn bíi ti tínà àwọn akunlé gba gbogbo ẹnu rẹ̀. Ooru gíga ló ń mú kí ìwúkàrà pọn irú ọtí wíwúwo bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó ń yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà.

Ohun tí a kọ́kọ́ dábàá fún ti èkejì ni tówẹ́ẹ̀lì tútù pẹ̀lú fáànù. Ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ọgbọ́n yìí lágbára. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í yára gbẹ níbi tí ọ̀rinrin ti kún afẹ́fẹ́, gbígbẹ omi ló sì ń gbé ooru lọ. Dígírì 1 sí 2 péré la rí, tí iná bá sì lọ, fáànù dúró.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni báfù ńlá. Kẹ́ẹ̀gì jókòó sínú rẹ̀, a bu omi lítà 40 yí i ká títí omi fi bá ojú oje inú kẹ́ẹ̀gì dọ́gba. Tí omi ò bá ga tó bẹ́ẹ̀, apá òkè á gbóná, apá ìsàlẹ̀ á tutù, kíka tẹmómítà á sì máa tan yín. Píọ́ wọ́tà dídì la ń jù sínú omi náà: ọ̀rá 6 láàárọ̀, 6 lálẹ́. Kílò 6 yìnyín lójúmọ́ ni ìyẹn, yíyọ́ rẹ̀ nìkan sì ń gbé nǹkan bíi 2,000 kílójúùlù ooru mì. Gbogbo ṣúgà inú kẹ́ẹ̀gì kò ní tú ju ìyẹn lọ púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ooru yàrá tó ń gba ara báfù wọlé ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú yìnyín náà, kì í ṣe ìwúkàrà. Nígbà tí a wá fi kúbùsù àtijọ́ yí báfù ká, tí a sì fi pákó bo ojú omi, ọ̀rá 8 lójúmọ́ ti tó dípò 12. Oje dúró sáàárín 24 sí 25 dígírì. Ọ̀rá kan náà la ń dá padà sí fírísà. Lọ́jọ́ tí kò sí iná rárá, a ra dídì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ìgboro. Ẹ nu ara ọ̀rá kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọrí kẹ́ẹ̀gì.

Ìṣòro àwọn oníwáìnì ńlá náà nìyí. Ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fọwọ́ sí oríṣi àjàrà tuntun mẹ́fà ní 2021, torí pé èyí tí wọ́n ń gbìn látijọ́ ń tètè pọ́n jù nínú ooru, ṣúgà rẹ̀ ń ga, kíkan rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí ti píọ́ wọ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀tá kan náà là ń bá jà.

DAP wọlé lẹ́ẹ̀mejì: gírámù 5 lọ́jọ́ kẹta nígbà tí ìhó bẹ̀rẹ̀, gírámù 5 lọ́jọ́ karùn-ún ní 1.058. Náítírójìn ni DAP ń fún ìwúkàrà jẹ. Tí ebi rẹ̀ bá pa ìwúkàrà, òórùn òbu ẹyin ló máa fi ké. Tí ìwúkàrà bá ti jẹ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ṣúgà, ẹ má fi kún un mọ́, torí ìwúkàrà kì í rí i gbà wọlé dáadáa tí ọtí bá ti pọ̀, àwọn kòkòrò mìíràn ni ẹ ó sì máa bọ́.

Ọjọ́ keje sí ìkẹrìndínlógún

Kò sí ìròyìn púpọ̀. 1.008 lọ́jọ́ kẹwàá, 0.997 lọ́jọ́ kẹtàlá, lẹ́yìn náà 0.996 fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara. Agbára ọtí: 1.088 dín 0.996, ẹ fi 131 sọ ọ́ di púpọ̀, nǹkan bíi 12%.

Kantíkantí dé lọ́jọ́ kẹjọ. Àwọn tó ń bà lé ẹnu akèrègbè ẹlẹ́mu ni, ara wọn ni kòkòrò ọtí kíkan sì ń gùn wá. Ẹ yí omi inú ìgò rọ́bà padà lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì fi mẹtabísọ́fáìtì díẹ̀ sínú rẹ̀.

Fífà kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Lítà 17 mọ́, nǹkan bíi lítà 2 ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì la fi hó o, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì kọ́ la ó tọ́jú rẹ̀ sí. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é, èyí tí nọ́ńbà 2 wà nídìí rẹ̀, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ju èyí tó ní nọ́ńbà 1 lọ. Ìgò gíláàsì ńlá ló dára jù. Èyí tí a rí ni lítà 5 mẹ́ta, èyí tó kù lọ sínú ìgò kéékèèké, gbogbo rẹ̀ kún dé ọrùn. Ẹ má fi lítà 17 sínú ohun tó gba 19: àyè lítà 2 afẹ́fẹ́ ti tó láti sọ wáìnì di àwọ̀ tíì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mẹtabísọ́fáìtì gírámù 1.5 wọlé nígbà fífà. Orí rọ́bà wà nísàlẹ̀ ìgò, kí wáìnì máa rọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ dípò kó máa ta sókè.

Èyí tó kù

Bẹ́ńtónáìtì, irú amọ̀ kan tó ń fa ìdọ̀tí inú wáìnì wálẹ̀, gírámù 17 ti ń wú nínú omi gbígbóná láti àná. Ọ̀la ló wọlé, ọ̀sẹ̀ kan sí i kó tó rọ̀ sílẹ̀ tán. Irú ti oúnjẹ náà ni, kì í ṣe èyí tí àwọn agbẹ́kànga ń lò.

Ọ̀pọ̀ ẹnu l'Ékòó ló fẹ́ adùn, nítorí náà ìdajì yóò gba ṣúgà gírámù 30 fún lítà kan. Èyí léwu tí ẹ bá fi ṣeré. EC-1118 kò tíì rẹ̀ ní 12%. Gírámù 4 ṣúgà nínú lítà kan tó bá hó nínú ìgò dídé pa ń mú ìtì gáàsì tó nǹkan bíi báà 1 (bíi ìtì afẹ́fẹ́ tó yí wa ká) wá, nítorí náà 30 yóò kọjá báà 7, ìgò wáìnì lásán yóò sì fọ́ sí ẹni lójú. Potassium sorbate, tí kì í jẹ́ kí ìwúkàrà bí sí i, gírámù 0.2 fún lítà kan, pẹ̀lú mẹtabísọ́fáìtì, kí ṣúgà tó wọlé. Sorbate láìsí èkejì rẹ̀ kò tó: kòkòrò mìíràn máa ń jẹ ẹ́, wáìnì á sì máa rùn bí ewé òdòdó tí a rún.

Ní ti owó, kílò 43 èso yóò fún wa ní ìgò 75 cl bíi 22, nǹkan bíi kílò 2 èso fún ìgò kan. Ìgò tuntun, kọ́ọ̀kì àti lébẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ owó ju èso lọ, gíláàsì náà ló sì ń ba àyíká jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó yí wáìnì ká. Ìgò òwàǹbẹ̀ la lò, tí a rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ìgò: omi gbígbóná pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà 1%, ṣíṣàn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì kó èyíkéyìí tí ẹnu rẹ̀ bá sán sọ́tọ̀. Kílò 18 èèpo àti ìyókù tí a gé kúrò lára èso lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sin àgbò. Kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ ti di ọtí kíkan, a fi omi là á di ìlọ́po méjì, yàrá mìíràn ló sì wà, jìnnà sí èyí. Kò sí ìgò kan tí a lè tà kí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀, wọ́n á sì wá wo ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó fún èèyàn. Yàrá yìí kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta yóò jẹ́ agbálùmọ̀, nígbà tó bá dé ọjà. Báfù, kúbùsù àti pákó ti wà nílẹ̀.