Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ti dákẹ́

Tó, tó, tó ni ẹ̀rọ omi náà ń kán láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́! Omi tí a fi jẹnẹrétọ̀ fà láti inú kànga ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Mo ti omi pa nídìí táǹkì, mo jẹ́ kí èyí tó kù nínú páìpù dà nù, mo fi sípánà tú orí ẹ̀rọ. Wáṣà, rọ́bà kékeré inú rẹ̀ tó ń dí omi, ti le gbagidi, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mú un dání lọ sí Òkè-Fíà ní Òṣogbo kí n lè rí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an rà. (Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo o.) Mo fi tuntun sí i, mo dè é padà. Ìyá mi gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wò ó títí, kò kán. "O ṣeun ọmọ mi, ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Ti balùwẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀ o."