Ọmọ Odó, Wúfà àti Àna Mi

Láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ìyá ìyàwó mi kò ti jẹ́ kí n gbé ọmọ tuntun yìí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, bí mo bá sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ Jésù ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ti mọ wúfà tó fà á, àpótí sípíkà ńlá tí ń gbé ohùn ìlù tó wúwo jáde, nítorí náà n kò ní tún ìtàn iye tí mo rà á, àti iye tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo rà á, sọ níbí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àga mi, tí ó wà láàárín pálọ̀ gan-an, ni ìlù kì í dé. Bí mo bá fi àpàlà sí i, n óò gbọ́ ohùn akọrin àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n agídìgbo a ti pòórá; bí mo bá sì dìde lọ sí kọ̀rọ̀ tí Màmá máa ń jókòó sí, agídìgbo kan náà a máa kùn bí tírélà tí awakọ̀ rẹ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì. Owó ta ni? Owó mi. Ta ní ń gbádùn rẹ̀? Màmá, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọlọ́mọ.

Ampilifáyà tókúnbọ̀ tí mo rà ní ètò kan nínú tí ó ń fúnra rẹ̀ tún ohùn ṣe gẹ́gẹ́ bí yàrá bá ṣe rí. Irú rẹ̀ pọ̀: Yamaha ń pe tiwọn ní YPAO, Audyssey wà, Dirac ti àwọn ará Sweden náà wà, ẹ jẹ́ kí n bo orúkọ tèmi láṣìírí. Máìkì kékeré kan ni wọn yóò fi tì í lẹ́yìn, ẹ ó gbé e sí ibi tí etí yín máa ń wà bí ẹ bá jókòó, ẹ̀rọ yóò pariwo láti inú sípíkà kọ̀ọ̀kan, yóò gbọ́ bí yàrá ṣe dáhùn, yóò gé èyí tó pọ̀ jù, yóò sì bu kún èyí tó kéré.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ̀rọ náà ní ariwo ti pọ̀ jù, jẹnẹrétọ̀ mi ló sì ń wí. Mo jáde, mo pa jẹnẹrétọ̀, mo padà wọlé. Ilé parọ́rọ́, ampilifáyà pàápàá parọ́rọ́. Mo jókòó sínú òkùnkùn fún bí ìṣẹ́jú kan, tí mò ń dúró kí ó bẹ̀rẹ̀, kí n tó rántí pé iná ló ń jẹ.

Iná ìjọba dé nígbà tí aago méjì òru kù díẹ̀. Mo dìde bí ológun. Mo pa fáànù, mo yọ fíríìjì, mo pa gílóòbù kí ìmọ́lẹ̀ má baà jí ẹnikẹ́ni, ooru sì mú mi títí mo fi bọ́ ẹ̀wù. Ìwé ìtọ́sọ́nà ní kí n gbé máìkì sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, n kò ní igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Odó ni mo ní. Mo ki ọmọ odó bọ inú rẹ̀ ní òòró, mo fi ìlédìí ọmọ há a kí ó má baà mì, mo sì fi òwú dúdú tí ìyàwó mi fi ń dirun so máìkì mọ́ ọn lórí.

Ariwo tí ẹ̀rọ náà ń pa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá bí akọ màlúù tó ń kùn, ó ń gòkè títí ó fi dà bí ẹyẹ tó ń súfèé, a dákẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Ibi mẹ́jọ ni mo gbé odó dé, títí kan kọ̀rọ̀ Màmá. Nígbà tí ó parí, ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé wúfà mi jìnnà sí mi ní ẹsẹ̀ bàtà 21. Ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóòró ni pálọ̀ mi! A jẹ́ pé ìdí kànga onílé ni wúfà wà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tọ́ọ̀ṣì jáde lọ wò ó. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó mọ̀ pé àsìkò tí ohùn fi ń dé ọ̀dọ̀ máìkì ni ẹ̀rọ náà ń kà, àti pé ìdádúró díẹ̀ tí iṣẹ́ inú wúfà ń fà ló sọ di ẹsẹ̀ bàtà. Ó gbọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ní òru yẹn, èmi ọ̀mọ̀wé, mo pa 21 rẹ́, mo kọ 7 dípò rẹ̀, ìwọ̀nba agídìgbo tó ṣẹ́kù sì sá lọ.

Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, onílé ni ẹjọ́ yìí tọ́ sí. Ta ló ní kí ó kọ́ pálọ̀ tí ìbú rẹ̀ bá òòró rẹ̀ dọ́gba? Nínú yàrá tí ó tó mítà 3.66, ohùn tí ó bá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò máa lọ máa bọ̀ láàárín ògiri méjì, yóò le koko nítòsí ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàárín yàrá. Ká ní yàrá náà gùn ju bí ó ṣe fẹ̀ lọ ni, ògiri méjì yòókù ì bá ní nọ́ńbà tiwọn. Ní tiwa, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin panupọ̀ sórí 47, wọ́n sì jọ gbógun ti àga mi. Ó yẹ kí wọ́n yọ owó agídìgbo kúrò nínú owó ilé.

Ọgbọ́n kan tí àwọn tó mọ wúfà ń lò ni mo wá rántí: kí ènìyàn gbé wúfà sórí àga tirẹ̀, kí ó fi orin sí i, kí ó sì máa rákò yí ògiri ká títí yóò fi gbọ́ ibi tí ìlù ti dọ́gba, ibẹ̀ ni ààyè wúfà. Kí àga má baà họ, mo tẹ́ aṣọ funfun kan sábẹ́ rẹ̀. Ìborùn tí Màmá fi ń lọ sí ìṣọ́ òru ni.

Ẹ wá wo ohun tí Màmá rí nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn tí wọ́n tan iná fóònù: odó láàárín ilé, ọmọ odó nàró nínú rẹ̀ pẹ̀lú òwú dúdú lọ́rùn, àpótí dúdú gúnwà lórí ìborùn wọn, ó ń kùn hùn-ùn, ọkọ ọmọ wọn sì ń rákò lẹ́bàá ògiri láìwọ ẹ̀wù, ó ń làágùn, ó sì dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé. Ohun tí ara mi kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sọ ìrákò di ìdọ̀bálẹ̀. Mo nà gbalaja, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Mà.”

Wọn kò dáhùn. Wọ́n wo ọmọ odó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Bàbá Ìbùkún, ta ni ẹ fẹ́ gún?”

“Kò sí o, Mà. Agídìgbo ni mò ń wá.”

“Ní aago méjì òru?”

“Àsìkò yìí ni iná dé, Mà.”

Ìyàwó mi jáde, ó wo gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi mí: èló ni mo ra wúfà yìí gan-an?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀ wọn, mo fi àpàlà sí i fún ìpẹ̀tù. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ìlù náà ti rù. Òótọ́ ni, ètò náà ti gé gbogbo ohun tó pọ̀ jù ní kọ̀rọ̀ wọn, agídìgbo kò sì tíì dé àga mi síbẹ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ lórí rìmóòtù láti pa gbogbo àtúnṣe náà, tírélà padà dé kọ̀rọ̀, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ṣùgbọ́n inú yàrá wọn ni odó ń sùn báyìí, bí a bá sì fẹ́ gúnyán, mo ní láti kanlẹ̀kùn.