Ẹni Tí Yóò Mú Ọmọ Dání

Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀.

Ọmọ mi ti sùn. Orí ìwé mi ló sùn sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí ojú ewé tí mo fẹ́ kà gan-an, n kò sì láyà láti fà á yọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn dípò kí n máa kàwé. (Àwáwí ni, mo mọ̀.)

Aago mẹ́rin la ní ìdánwò lónìí. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ẹni tó yẹ kó bá mi mú un dání pè pé ara òun kò yá. N kò lè bá a jà, àìsàn kì í dájọ́ fúnni. Mo fa ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́, ó di yàrá ìdánwò. Olùkọ́ wo èmi, ó wo ọmọ, ó nawọ́ sí àga ẹ̀yìn. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kò gbúròó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè: "Mọ́mì, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo rí dáhùn, nítorí náà kò kúkú parọ́.

Bí a ṣe jáde, ọ̀dọ́kùnrin kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní, "Ìyá, obìnrin bí ọkùnrin ni yín o!" Mo rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gún mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí wọ́n bá ti pe èèyàn bẹ́ẹ̀, ó parí, kò sẹ́ni tí yóò tún bi í bóyá ẹrù ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Oríkì kọ́ ni mo nílò ní aago mẹ́rin. Ẹni tí yóò mú ọmọ dání fún wákàtí méjì ni.

Barbara Lee, olóṣèlú Amẹ́ríkà kan, ló wá sí mi lọ́kàn lọ́nà. Òun náà dá tọ́ ọmọkùnrin méjì nígbà tó wà ní Mills College ní California, owó ìrànwọ́ ìjọba ló fi ń gbéra, ó sì máa ń kó àwọn ọmọ náà lọ sí kíláàsì nígbà míì. Kíláàsì kan ní kí wọ́n lọ bá olùdíje fún ipò ààrẹ ṣiṣẹ́. Kò rí ẹni tó wù ú nínú wọn, ó sì ti gbà kí iṣẹ́ náà fọ́ mọ́ òun lórí, àfìgbà tí Shirley Chisholm, obìnrin aṣòfin tó ń díje fún ipò ààrẹ, wá bá wọn sọ̀rọ̀. Lee kò tíì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò pàápàá. Chisholm ní kó lọ ṣe é. Lee bá a ṣe ìpolongo ọdún 1972, ó gboyè ní 1973, wọ́n sì dìbò yàn án sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1998. Èmi kò ronú nípa ilé aṣòfin. Àwọn ọmọ méjì yẹn ni mò ń rò. Ta ló ń wò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ ìpolongo?

Aago méje, ìpàdé àdúgbò. Ọ̀rọ̀ iná ojú títì ni, ọ̀nà tí èmi àti ọmọ ń gbà bọ̀ láti kíláàsì nínú òkùnkùn biribiri. Tẹ́lẹ̀, ariwo la máa ń pa. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ́ pé ẹ̀dà méjì là ń kọ lẹ́tà sí: wọn á gba ọ̀kan, wọn á lu òǹtẹ̀ sí èkejì, ìwọ á gbé e lọ sílé. Mo ti ka òpó iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọjọ́ tí mo kà wọ́n sí i: òpó 14, 9 nínú wọn ni kò tàn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa dìde, ó ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan gbà. Mo fa ẹ̀dà tèmi yọ nínú báàgì, tòǹtẹ̀-tòǹtẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bu omi mu.

Carolina Maria de Jesus, tó ń ṣa bébà tà ní São Paulo ní Brazil láti fi dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, kò lò ju ọdún méjì lọ nílé ìwé. Inú ìwé tó ṣà láàrin ìdọ̀tí ló ń kọ ìgbé ayé rẹ̀ sí, bí aládùúgbò bá sì yọ ọ́ lẹ́nu, a ní òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé òun. Ní 1960 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lóòótọ́. Mo rí i lójú ọkùnrin yẹn lónìí pé ìhàlẹ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n wá fi mí ṣe akọ̀wé, àtẹ́wọ́ ń dún. Mo ní màá gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa wo àwọn ọmọ ní gbogbo ìpàdé. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá kan tó béèrè pé, "Ọmọ mélòó ni wọ́n?" A yíjú pa dà, a ka àwọn tó ń sáré kiri lẹ́yìn àga. Mọ́kànlá.

Ọmọ mi ti yíra pa dà báyìí. Etí ìwé ti yọ jáde lábẹ́ etí rẹ̀, ojú ewé 63. N ó rọra fà á.