Òrùlé ṣíṣí àti ọjọ́ 28: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo ń wá físà

Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, ni mo ń gbé nígbà tí yunifásítì kan ní Ìlú Ọba gbà mí wọlé fún oyè kejì. Oṣù yẹn gan-an ni ìjì ṣí páànù apá ọ̀tún ilé náà. Mo ní láti tún òrùlé ṣe kí òjò ńlá tó dé, mo sì ní láti parí ètò físà kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé, bẹ́ẹ̀ n kò ní ibòmíràn tí mo lè kó lọ. Mo kó ẹrù mi sínú yàrá kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn ilé, mo sì gbé abẹ́ tapólì fún ọ̀sẹ̀ 11. Ẹni tí iṣẹ́ méjì yìí bá já lé lọ́wọ́ pọ̀ ni mo ń kọ èyí fún.

Owó ló kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí owó ilé-ìwé tó kù láti san fún ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa jẹun fún iye oṣù tí ẹ̀kọ́ náà yóò gbà, tí wọn kì í kà ju oṣù 9 lọ, ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra, láìdín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí kíkà náà parí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ènìyàn bá fi ìwé físà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ka òfin yìí, ó yé mi dáadáa. Síbẹ̀, inú àkáǹtì kan náà ni mo kó owó páànù àti owó físà sí, nítorí mo gbà pé n kò lè gbàgbé èyí tó jẹ́ ti èwo.

Nígbà tí mo ka ọjọ́ dé 19, Bàbá Káfíńtà ní kí n gun àkàbà wá wò ó. Ó fi òòlù kan igi àjà lẹ́ẹ̀kan, igi náà sì dà wúyẹ́wúyẹ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ọmọ mi, ikán ti jẹ èyí tán. Bí mo bá kan páànù tuntun mọ́ ọn, ẹ̀yin náà ni ẹ óò tún padà wá pè mí." Òtítọ́ ni ó sọ, òjò sì ti ṣú. Mo fi 185,000 náírà ránṣẹ́ sí onípákó lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ ni mo tó ṣí fóònù wo iye tó kù, ni ara mi bá tutù. Owó náà ti dín sí iye tí wọ́n béèrè, ọjọ́ 19 tí mo ti kà sì ti ṣòfò. Nígbà tí mo rí owó dí i, ọjọ́ kìíní ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó físà, ní bánkì tí ẹ kì í ná owó inú rẹ̀, kí ẹ má sì gba káàdì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó náà lé díẹ̀, nítorí pé iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ ni wọn yóò fi sọ náírà yín di pọ́n-ùn, owó tó pé ní oṣù Karùn-ún sì lè má pé mọ́ ní oṣù Keje. Ní ti òrùlé, ẹ má gbára lé iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè fún yín, nítorí pé kò sí káfíńtà tó lè mọ ohun tí ikán ti ṣe kí ó tó ṣí páànù.

Inú kúlà ńlá tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ síbi ìnáwó ni mo kó pásípọ́ọ̀tù àti gbogbo ìwé ẹ̀rí mi sí. Lóru ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ká tapólì kúrò, ibùsùn mi rin gbindin, ṣùgbọ́n omi kò kan ìwé kankan.

Eruku ni n kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ lò ju oṣù 6 lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ń lò fún oṣù 6. Àwòrán àyà ni wọ́n ń yà. Bí ohun kan nínú àwòrán náà bá kọ wọ́n lóminú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọn yóò gbà, èsì èyí sì lè tó oṣù 2 kí ó tó jáde. Eruku páànù àtijọ́ àti ti pákó ti mú kí n máa wúkọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Òkè-Fíà ló ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ 10 ni mo lò níbẹ̀, ikọ́ náà rọlẹ̀, kí n tó wọkọ̀ lọ sí Èkó fún àyẹ̀wò náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti bá àwọn ará yunifásítì sọ̀rọ̀ lórí fídíò, nítorí pé ariwo òòlù kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nílé wa.

Bí ó bá tún di ọ̀la, àwọn ọjọ́ físà ni n ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí n tó pe òṣìṣẹ́ kankan, n ó sì fi hàn wọ́n. Mo ti ń bínú sí Bàbá Káfíńtà nínú mi pé ó ń fi owó ni mí lára, láìmọ̀ pé n kò sọ ohunkóhun fún un. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tì í tí mo ṣàlàyé ọjọ́ 28 náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun yóò parí iṣẹ́, òun yóò sì dúró de owó iṣẹ́ òun títí èsì físà yóò fi jáde, kí n má baà tún fọwọ́ kan àkáǹtì yẹn. N kò jẹ́ kí ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n san owó oṣù mi, mo gbé owó náà lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ó kà á, ó dì í sápò, ó sì bi mí bóyá ilé ṣì ń jò. Mo ní, "Rárá o, bàbá. Kò jò mọ́."