Mo mọ ọ̀nà ilé, mi ò kágò

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya fọ́tò ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, ló ní kí n bá àwọn kọ ètò kékeré kan sórí Mac àwọn. Kí ètò náà máa ṣọ́ fódà tí wọ́n ń kó fọ́tò ìgbéyàwó sí, kí ó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dín in kù kó má baà wúwo jù fún WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Mo gbé e lọ, ó ṣiṣẹ́ lójú wọn, wọ́n sanwó, mo gba ilé lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù fi dún. "Àbúrò, lánàá èmi àti ètò rẹ yìí jọ ń rẹ́rìn-ín ni. Láàárọ̀ yìí ó ní òun ò mọ̀ mí rí."

Fódà tó ṣí lánàá ló ní òun ò láṣẹ láti ṣí mọ́. Mo ní kí wọ́n tún un yàn. Wọ́n yàn án, ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ kẹrin wọn ò pè mọ́, ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, mi ò sì ní sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ gbé ètò náà sí Mac App Store tó bá yá, láti oṣù kẹfà ọdún 2012 ni Apple sì ti sọ ọ́ di dandan pé ètò tó bá máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú sandbox, ìyẹn àhámọ́ tí kì í jẹ́ kí ètò dé ibi tí wọn ò fún un láṣẹ. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo gbé e lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan sandbox. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò pa á kí n tún un ṣí.

Ètò tó wà nínú sandbox dà bí ayálégbé: yàrá tirẹ̀ nìkan ló ní, ìyẹn inú Library/Containers. Fáìlì yòókù, àfi kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. A máa ń rò pé ètò wa ló ń gbé fèrèsé ìyanfáìlì yẹn wá. Rárá o, macOS fúnra rẹ̀ ni. Bí onílé bá ti yan fódà, ó ti dá wa lóhùn pé "àgò yà" nìyẹn. Àmọ́ ìdáhùn yẹn ò kọjá ìgbà tí a bá pa ètò. Ohun tí mo wá tọ́jú ni àdírẹ́sì fódà lásán. Mo mọ ọ̀nà ilé, mi ò kágò, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi.

Security-scoped bookmark, ìyẹn dátà tó ń rántí fódà pẹ̀lú àṣẹ tí onílé fi sí i, ló yẹ kí n tọ́jú. Bí wọ́n bá ti yan fódà tán, ètò á ṣe bookmarkData pẹ̀lú withSecurityScope, á sì fi dátà yẹn pamọ́. Bó bá tún ṣí, á tú u padà sí URL, á pe startAccessingSecurityScopedResource, á ṣiṣẹ́ rẹ̀, á wá pe stopAccessingSecurityScopedResource. Nínú entitlements, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ètò ń béèrè, ẹ fi user-selected.read-write àti bookmarks.app-scope sí i.

Mo rò pé ó ti tán. Ní Sátidé kan tí ìgbéyàwó méjì bọ́ sí, ètò ṣe fọ́tò ti àkọ́kọ́ tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi fódà ìkejì kún un, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo ti ń pe start fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mi ò sì kọ stop síbì kankan. Gbogbo start tí a ò bá fi stop pa ló ń gba àyè lọ́dọ̀ kernel, ìyẹn ọkàn macOS. Bó bá pọ̀ jù, ètò ò ní lè gba ibi tuntun mọ́ àfi tí a bá pa á tí a tún un ṣí. Báyìí, bí mo bá ti kọ start, ìlà tó tẹ̀ lé e ni defer tó gbé stop dání, kí stop lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti parí.

Ọmọ iṣẹ́ wọn tún wá yí orúkọ fódà padà. Èyí ò bà mí lẹ́rù, torí bookmark lè rí fódà bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ yí. Ṣùgbọ́n ó lè fi bookmarkDataIsStale sọ fún wa pé òun ti gbó. Kí a ṣe tuntun lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ti hard disk ló burú jù. Bí wọn ò bá tíì ki í bọ kọ̀ǹpútà, bookmark ò ní tú, èmi ọ̀mọ̀wé sì ti kọ ọ́ pé kí ètò pa bookmark tí kò bá tú rẹ́. Báyìí, ó kàn ń sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ki hard disk bọ̀ ọ́, á sì máa dúró dè wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ sandbox dànù, tàbí kí ẹ̀gbọ́n fún ètò ní Full Disk Access, ìyẹn àṣẹ láti dé ibi gbogbo nínú kọ̀ǹpútà, kí oníkálukú sùn. Mi ò gbà. Memory card oríṣiríṣi ènìyàn ló ń wọ kọ̀ǹpútà yẹn, fọ́tò ìdílé onílé ló kún inú rẹ̀. Ètò tó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára fọ́tò, kí ló fẹ́ fi gbogbo ilé ṣe? Ẹ̀yin tó ń lo Flatpak lórí Linux, tí òun náà ń fi ètò sínú sandbox, ẹ má torí ìwàǹwára fi --filesystem=home, tó ń ṣí gbogbo fódà oníkọ̀ǹpútà sílẹ̀, lé ètò lọ́wọ́; document portal, tó ń fún ètò ní kìkì ohun tí onílé bá yàn, wà fún irú iṣẹ́ yìí.

Kí n tó gbé ètò fún ẹnikẹ́ni nísinsìnyí, mo máa ń pa á pátápátá, mo ń tún kọ̀ǹpútà tàn, mo ń yí orúkọ fódà padà, mo ń yọ hard disk, lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan mo ń ṣí i wò. Ẹ̀gbọ́n ò pè mí nítorí fódà mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń pè mí sí báyìí, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo tà á fún wọn.