Ẹ̀fọn Ojúmọmọ

Ọjọ́ kẹta rèé tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ti dé ìlú olóoru yìí. Bí mo ṣe jí ní ìdájí, nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Etí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yíká-yíká bí mo ṣe kì í mọ́lẹ̀ lálẹ́ àná, ẹ̀fọn kankan ò sì jẹ wá. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ká nẹ́ẹ̀tì sókè, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé yìí.

N kò tíì kọ ìlà mẹ́rin tí nǹkan fi ta mí lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀fọn dúdú kékeré kan ló bà síbẹ̀, àmì funfun-funfun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí òrùka, ikùn rẹ̀ ń wú, ó sì ń pọ́n bí mo ṣe ń wò ó. Kò kùn sí mi létí rárá kó tó bà. Mo pa á, ẹ̀jẹ̀ ara mi ló kù sí mi lọ́wọ́.

Àbúrò mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì para ni?"

Mo ní ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi ìpara ẹ̀fọn sí.

"Àwọn tó ń jẹni lọ́sàn-án ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀fọn Anopheles tó ń gbé ibà (malaria) kiri ni mo ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí, òun ló ń jáde láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Èyí tó jẹ mí, irú ẹ̀fọn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Aedes ni. Ojúmọmọ niṣẹ́ tirẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àti kó tó wọ̀, òun ló sì ń gbé àrùn dengue, àrùn Zika àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, ìgbà tí a bá sùn nìkan ló ń ṣọ́ wa.

A wá ibi tó ti jáde. Kò jìnnà: abọ́ tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ gan-an, omi inú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Tanwíjí kún un, wọ́n ń ká ara wọn kò, wọ́n ń sá lọ sísàlẹ̀ bí òjìji wa ṣe bọ́ sí wọn lórí. Nínú ooru báyìí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò. A dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a sì fi kànrìnkàn ha etí abọ́ náà dáadáa, torí ẹyin Aedes lè lẹ̀ mọ́ ibi gbígbẹ fún oṣù mélòó kan kí omi tó tún kàn án.

Kí a tó jáde, ìpara oòrùn la kọ́kọ́ fi sí. Nígbà tó gbẹ, a fi ti ẹ̀fọn lé e, èyí tó ní DEET, èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, ní ìwọ̀n 30%. Mo fi ra ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn etí, mo sì tún un ṣe lọ́sàn-án nígbà tí òógùn ti fọ̀ ọ́ lọ. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn nínú ooru yẹn. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n dengue kò ní oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀, ara ni yóò bá a jà. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé bí ibà bá mú èyíkéyìí nínú wa, paracetamol la ó lò, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà bó bá jẹ́ dengue ni. A ó sì tètè lọ rí dókítà, ká sọ ìlú tí a dé fún un. Kódà bí a bá ti padà sílé.

Mo ti kọ ọjọ́ òní sẹ́yìn ìwé yìí, kí n lè rántí ọjọ́ tí ẹ̀fọn jẹ mí bí ibà bá dé.

Ilẹ̀ ti ṣú báyìí. Fáànù ń fẹ́ sí wa lára, ẹ̀fọn ò sì lágbára láti fò gba inú atẹ́gùn líle. Àbúrò mi ti sùn, ó na ẹsẹ̀ títí ó fi kan nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́ láti ìta bẹ́ẹ̀. Mo rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, mo sì tún etí nẹ́ẹ̀tì kì.