Mo Lọ Kí Ira Aldridge ní Łódź

Ilé kan wà ní Hamlet Road, ní Upper Norwood ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n lẹ àmì búlúù mọ́ lára pé Ira Aldridge, òṣèré, gbé ibẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo ti pinnu pé màá dé ibi tí wọ́n sin ín sí, ní Pólándì.

New York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1807. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, torí pé kò sí tíátà ńlá tó máa gba aláwọ̀ dúdú láyè ní ilé. Ní oṣù kẹta ọdún 1833, Edmund Kean, ọ̀gá àwọn òṣèré ìgbà náà, dákú lórí ìtàgé ní Covent Garden, tíátà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń ṣe Othello, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú inú eré Shakespeare. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Aldridge bọ́ sí ipò yẹn. Àwọn oníwèé ìròyìn kan bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣeré níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, torí ọdún yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin Ìlú Ọba fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú.

Aldridge ò jáwọ́. Ó ń ṣeré káàkiri àwọn ìlú kéékèèké títí di 1852 tó kọjá sí Yúróòpù. Gẹ̀ẹ́sì lòun ń sọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé á fi èdè Jámánì dá a lóhùn, síbẹ̀ èrò ń ya wá wò ó. Ọba Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì nígbà náà, fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà.

Láti Warsaw ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Łódź, ìlú ahunṣọ. Lẹ́nu géètì ibi ìsìnkú àtijọ́ ní òpópónà Ogrodowa, ìyá àgbà kan ń ta àbẹ́là inú gíláàsì. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní "Aldridge" báyìí, ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Othello!", wọ́n sì nawọ́ sí ọ̀nà apá àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Mo tẹríba fún wọn.

Ilé ìsìnkú Scheibler, olówó aṣọ, ga gògòrò níbẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ti Aldridge kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eré ló bá dé ìlú náà tí àìsàn fi mú un lọ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1867, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Mo tan àbẹ́là mi, mo kí i bí a ṣe ń kí àgbà.

Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ Piotrkowska, òpópónà ńlá Łódź. Coventry, ní Ìlú Ọba, ló kù tí mò ń múra àtilọ, níbi tó ti jẹ́ máníjà tíátà lọ́dún 1828.